Ẹ hú gbòǹgbò wò ná kẹ́ ẹ tó lọ ra fatiláísà

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú, gbòǹgbò tín-ín-rín ló kọ́kọ́ jẹ́. Igi ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ bá rì mọ́lẹ̀, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ló máa kọ́kọ́ yọ, gbogbo wọn á rí bákan náà, tó bá wá tó bí oṣù méjì sí mẹ́ta, díẹ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àwọn yẹn ló ń di ohun tá a ń wà, tá a ń bó, tá a ń rin, àwọn tó kù á máa fa omi àti oúnjẹ bọ̀. Ìyẹn ni pé tí ilẹ̀ yín ò bá gba gbòǹgbò wẹ́wẹ́ láyè, kò sí gàrí níbẹ̀, kò sí ewùrà tẹ́ ẹ máa fi ro ìkọ́kọrẹ́, kò sí kòkó, kò sí obì, kẹ́ ẹ da fatiláísà síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àmọ́ kí la máa ń ṣe? Ewé àgbàdo yẹ́lò díẹ̀ báyìí, wọ́n á ti gun ọ̀kadà, ó di ọjà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ra àpò fatiláísà NPK kan, wọ́n fọ́n ọn sílẹ̀ yàà, òjò rọ̀, ewé ṣì yẹ́lò, wọ́n ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́ o, ẹ kúkú mọ ọjà wa, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà gbòǹgbò tó yẹ kó mu ún ni ò sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀ yín ń ṣe fún ọ̀gbìn, ìsàlẹ̀ lẹ máa wò, ẹ fi ewé sílẹ̀ ná. Kò ná yín ní nǹkan kan: ṣọ́bìrì, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, àwo funfun kan, ó parí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wà á

Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí mò ń sọ ni èyí tí ò nípọn tó mìlímítà 2. Ẹ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ẹ wo ìdí ẹ̀ níbi tó ti nípọn jù, ìyẹn ò jìnnà sí mìlímítà 2, gbogbo gbòǹgbò tó bá tín-ín-rín jù ú lọ ló wà nínú ọ̀rọ̀ wa. Àwọn gbòǹgbò ńlá, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n di igi mú kí atẹ́gùn má gbé e wó, kí wọ́n sì gbé omi kọjá, àmọ́ àwọn wẹ́wẹ́ yìí ló ń mu omi gan-an, àwọn àti irun kéékèèké tó hù sí wọn lára, irun yẹn ò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, ojú lásán ò fi bẹ́ẹ̀ rí i.

Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀, kẹ́ ẹ fún ilẹ̀ ní bí ọjọ́ méjì kí omi fà. Tó bá gbẹ jù gbòǹgbò á máa já mọ́ yín lọ́wọ́, tó bá ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ gbogbo nǹkan á rí rọ̀bọ̀tọ̀ ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò. Ẹ mú ọ̀gbìn kan tó ń ṣe dáadáa àti ọ̀kan tó ń ṣòjòjò nínú oko kan náà, ẹ má fò ó o, torí ẹ ò lè mọ èyí tí ò dáa tẹ́ ẹ ò bá rí èyí tó dáa lórí ilẹ̀ tiyín. Fún àgbàdo tàbí ata, ẹ sún kúrò nídìí ẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15, fún kòkó àti obì ẹ jìnnà sí ìdí igi, ẹ lọ sí ibi tí ẹ̀ka ẹ̀ nà dé, níbẹ̀ ni àwọn wẹ́wẹ́ ti pọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gé ẹ̀gbẹ́ kan ihò yẹn kó dúró gbọn-in. Ẹ wo ògiri ilẹ̀ yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan: níbo ni gbòǹgbò ti pọ̀, níbo ló ti tán, ṣé díẹ̀díẹ̀ ló ń tán àbí ó kàn dédé dáwọ́ dúró lójú kan? Ẹ gbé rúlà tì í kẹ́ ẹ yà á sórí fóònù. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa wá gbé odindi ògúlùtu kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó rẹ fún bíi wákàtí kan, ẹ máa mì ín wúyẹ́wúyẹ́, ẹ má fà á ya, nígbà tí ilẹ̀ bá ti bọ́ tán ẹ tẹ́ gbòǹgbò yẹn sínú àwo funfun pẹ̀lú omi díẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí

Èyí tára ẹ̀ yá, ẹnu ẹ̀ á funfun, á pẹ̀ka, ẹ̀ka náà á tún pẹ̀ka, tẹ́ ẹ bá gbé e sókè kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́ iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn lára, tẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n kò ní tètè bọ́. Kí inú yín dùn tẹ́ ẹ bá rí iyanrìn yẹn, irun gbòǹgbò ló dì í mú, pẹ̀lú omi tó ń yọ̀ tí ẹnu gbòǹgbò máa ń tú jáde kó lè ríbi kọjá.

Tó bá dúdú, tó ń rùn, tẹ́ ẹ fà á tí èèpo ẹ̀ bọ́ tó ku okùn tín-ín-rín kan láàárín, omi ló pa á. Tó bá kúrú, tó ki, tí ẹnu ẹ̀ kújú tó sì ti ń pọ́n, tí kò fẹ́ pẹ̀ka rárá, ẹ fura sí ilẹ̀ kíkan. Tó bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́ tó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì, tó ń rìn gbọọrọ lójú kan náà, ibi tó le ló pàdé. Tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló jóná, tí apá kejì ṣì funfun, ẹ rántí ibi tẹ́ ẹ da fatiláísà sí.

Tẹ́ ẹ bá rí kókó lára ẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í mú. Lára tòmátò, ilá àti ewédú, kókó yẹn aràn tín-ín-tín inú ilẹ̀ ló fà á, aràn tí ojú ò lè rí, òun ló wọ inú gbòǹgbò tó mú kó wú. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà náà máa ń ní kókó tiwọn, ìyẹn dáa, bakitéríà tó ń bá wọn mú naitirójìn látinú afẹ́fẹ́ ló ń gbé inú ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó hú ẹ̀wà ẹ̀ dànù nítorí kókó yìí. Ẹ fi èékánná tì í: èyí tó dáa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò ni, á bọ́, tẹ́ ẹ bá là á inú ẹ̀ á pupa rẹ́súrẹ́sú. Ti aràn kì í bọ́, torí gbòǹgbò fúnra ẹ̀ ló wú. Tó bá jẹ́ ti aràn, ẹ má gbin tòmátò, ilá tàbí ewédú síbẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbin ẹ̀pà síbẹ̀, ẹ sì da ajílẹ̀ sí i dáadáa.

Ilẹ̀ tó le

Èmi gbà pé èyí ló ń pa oko jù ládùúgbò wa, òun náà la sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ kéré jù. Ẹ wo bí gbòǹgbò ṣe ń rìn ná. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ẹnu ẹ̀ díẹ̀ ló ń mu omi, tó ń gùn, tó sì ń ti ẹnu ẹ̀ síwájú. Gbòǹgbò ò lè fún ara ẹ̀ pọ̀ kó wọ ihò líle tó kéré sí i, ó di dandan kó ti ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó wá ọ̀nà tí ẹlòmíì ti là sílẹ̀, ihò ekòló, ihò ikán, ibi tí gbòǹgbò àtijọ́ ti jẹrà. Tí ilẹ̀ bá le jù fún un, á kúrú, á ki, ẹ̀ka ẹ̀ á dínkù. Ohun kan tún wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní 2021 tó yà mí lẹ́nu: gbòǹgbò máa ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ethylene, tí ilẹ̀ bá ní ihò dáadáa gáàsì yìí á bá tiẹ̀ lọ, tí ilẹ̀ bá ti ki pa kò ní ríbi gbà jáde, á wá kó jọ sára gbòǹgbò, òun ló ń sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró. Wọ́n fi ìrẹsì kan dán an wò, irú èyí tí kì í mọ̀ pé gáàsì yẹn wà níbẹ̀, gbòǹgbò tiẹ̀ wọ inú ilẹ̀ tó ki yẹn lọ. Torí náà kì í ṣe pé gbòǹgbò kàn lágbára tàbí kò lágbára, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde nínú ilẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Ilẹ̀ pupa tiwa yìí, láti Ṣàgámù gba Ìkẹ́nnẹ́ gba Òdogbolú dé Ìjẹ̀bú-Òde, iyanrìn ló pọ̀ lókè, bẹ́ ẹ ṣe ń wà á lọ sísàlẹ̀ ni amọ̀ ń pọ̀ sí i. Ní apá Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹ sì lè bá òkúta wẹ́wẹ́ pàdé kẹ́ ẹ tó wà á jìn. Ìyẹn ti Ọlọ́run dá a ni. Àmọ́ èyí tí àwa fúnra wa ń dá pọ̀: trákítọ̀ tó ń wọ oko nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, tó ń kọ ọ́ dé ibi kan náà lọ́dọọdún, abẹ́ ibẹ̀ á di sìmẹ́ǹtì. Tàbí ilẹ̀ ilé tí típà bíríkì ti ń wọ̀ tó ń jáde, tí wọ́n ti kó ilẹ̀ dúdú òkè lọ, tẹ́ni kan wá ní òun fẹ́ fi ibi tó kù gbin ẹ̀fọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ẹ wá rọ́ọ̀dù 10mm tí wọ́n fi ń kọ́lé, èyí tó gùn tó ìwọ̀n mítà kan, lẹ́yìn òjò bí ọjọ́ méjì ẹ fọwọ́ tì í wọlẹ̀ níbi púpọ̀ nínú oko, ẹ má fi ohunkóhun gbá a. Ẹ sàmì síbi tó bá ti kọ̀. Tó bá ń kọ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 níbi gbogbo, ẹ wá lọ sínú igbó tó wà nítòsí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá wọlé nínú igbó tó kọ̀ nínú oko, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, ẹ sì lè tún un ṣe. Tó bá kọ̀ níbi méjèèjì, ilẹ̀ yẹn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ebè gíga kẹ́ ẹ gbin ohun tí ò nílò jíjìn.

Èyí tí ọwọ́ ṣe, ẹ má wá sọ pé ẹ fẹ́ kọ gbogbo oko jìn, owó ńlá ni, òjò ọdún kan á sì tún tẹ̀ ẹ́ pa tí kò bá sí nǹkan lórí ẹ̀. Ẹ fọ́ ibi tẹ́ ẹ máa gbìn sí nìkan, lójú poro tàbí lábẹ́ ebè, títí tẹ́ ẹ máa fi kọjá ibi tó le. Ẹ gbin òtílí, gbòǹgbò ẹ̀ máa ń jìn, á là á fún yín, tẹ́ ẹ bá gé e tán ẹ fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ kó jẹrà, ọ̀nà tó là ni ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo máa gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé hú gbogbo kùkùté àgbàdo tẹ́ ẹ̀ ń dáná sun. Ẹ sì fi koríko bo ilẹ̀ kí ekòló lè gbé ibẹ̀, iṣẹ́ tí ekòló ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, trákítọ̀ ò lè ṣe é.

Omi

Gbòǹgbò ń mí o, bá a ṣe ń mí yìí ló ṣe nílò ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ ń rìn nínú omi ní ìlọ́po bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́ra ju bó ṣe ń rìn níbi tí kò sí omi lọ, ìdí nìyẹn tí omi tó dúró fún ọjọ́ mélòó kan péré fi lè pa gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ata, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó máa wá dojú rú fún yín ni pé ewé á rọ, ẹ ó rò pé omi ló ń gbẹ ẹ́, ẹ ó tún bu omi sí i. Kò sí gbòǹgbò tó máa fà á mọ́ ni. Ní etí odò àti ní akùrọ̀, ẹ la poro kí omi ríbi lọ, ẹ gbé ebè sókè kẹ́ ẹ gbin ọ̀gbìn sórí ẹ̀. Ìrẹsì ò ní ìṣòro yìí, ó ní ihò nínú ara ẹ̀ tó fi ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sísàlẹ̀, nítorí náà tí ibẹ̀ bá ń kún lọ́dọọdún, ìrẹsì ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀ jàre.

Ti ọ̀dá náà wà. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í pa omi mọ́, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró nínú oṣù August, òkè á gbẹ kíá. Gbòǹgbò tó ti wọlé á máa bá iṣẹ́ lọ nísàlẹ̀, èyí tí ilẹ̀ líle dá dúró sí sẹ̀ǹtímítà 15 á kú sókè níbẹ̀. Ilẹ̀ tó bá gbẹ tún máa ń le sí i, ẹ wá rí i pé ìyà méjì ló ń jẹ gbòǹgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí gbòǹgbò ò bá ti kan omi, kì í pẹ̀ka síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó kan ilẹ̀ tútù ló ń yọ ẹ̀ka sí. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń bu omi sí nọ́sìrì tàbí ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bu ún kó wọlé dáadáa kẹ́ ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ sí i. Wọ́nwọ́n tẹ́ ẹ̀ ń wọ́n lójoojúmọ́ yẹn, òkè nìkan ló ń tutù, òkè náà ni gbogbo gbòǹgbò á máa gbé.

Ilẹ̀ kíkan

Òjò tiwa pọ̀, ó ti fọ káṣíọ́mù àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ kan lọ sísàlẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ pupa yìí fi máa ń kan. Wọ́n máa ń fi pH wọ̀n ọ́n: 7 ni agbede méjì, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń kan sí i. Láàárín 5.5 sí 6.5 ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn á jókòó dáadáa. Tó bá ti bọ́ sábẹ́ 5, àlúmíníọ̀mù tó wà nínú amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi ilẹ̀, ẹnu gbòǹgbò gan-an ló ń kọ lù, kì í jẹ́ kó gùn mọ́. Ìyẹn ló ń fa àwọn gbòǹgbò kúkúrú kíki tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gbìn máa wà láàyè, àmọ́ kò ní lè lọ wá omi nísàlẹ̀, ẹni tó ni í á sì máa sọ pé ọ̀dá ló bá òun jà.

Ẹ má gba àwọn fídíò tó ní kẹ́ ẹ da fínígà àti sódà sórí ilẹ̀ láti fi mọ bó ṣe kan tó gbọ́, kò lè sọ fún yín bóyá 4.8 ni tàbí 5.8, ìyàtọ̀ yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ bu ilẹ̀ láti ojú púpọ̀ nínú oko, ẹ pò ó pọ̀, ẹ gbé e lọ sí lábù tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò, ẹ béèrè ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, tàbí IAR&T tó jẹ́ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Ẹ bu ti òkè lọ́tọ̀, ẹ bu ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, torí òkè lè dáa kí ìsàlẹ̀ burú.

Tó bá kan lóòótọ́, láìmù tí wọ́n fi òkúta ẹfun lọ̀ ni oògùn ẹ̀, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ṣàgámù tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kọ́ lẹ máa dà sóko o! Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, tọ́ọ̀nù kan fún hẹ́kítà kan ti tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 100 lórí mítà kan níbùú lóròó, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìgbìn. Tẹ́ ẹ bá dà á jù, síǹkì àti irin inú ilẹ̀ á wá sá fún gbòǹgbò, ẹ ó tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ẹni tí ò bá rí láìmù, eérú igi wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ebè kan, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀. Ẹ má da eérú pọ̀ mọ́ yúríà, fatiláísà onínaitirójìn, lọ́jọ́ kan náà, naitirójìn tẹ́ ẹ fowó rà á á bá atẹ́gùn lọ. Ìgbẹ́ adìẹ náà máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ó sì ń di àlúmíníọ̀mù yẹn lọ́wọ́, ìwọ̀n ààbọ̀ kílò sí kílò kan lórí mítà kan níbùú lóròó, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹrà ná, tuntun ẹ̀ tó ṣì ń ta sí imú á jó gbòǹgbò.

Tẹ́ ẹ ò bá sì lówó gbogbo eléyìí, ẹ gbin ohun tó gbà á: ẹ̀gẹ́ máa ń fara da ilẹ̀ kíkan dáadáa, ọ̀pẹ òyìnbó tilẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Tòmátò ò ní gbà fún yín.

Oòrùn lórí ilẹ̀ ìhòòhò

Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ tí kò sí nǹkan lórí ẹ̀ lè gbóná kọjá 40°C ní òkè díẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ láàárín 25 sí 30 ni gbòǹgbò àgbàdo fẹ́. Ibi tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ pọ̀ sí jù ni oòrùn ń sè. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Rattan Lal ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ńlá tó wà n'Ìbàdàn, láti àwọn ọdún 1970, ó fi hàn pé tí wọ́n bá fi koríko bo ilẹ̀ tí wọn ò sì kọ ọ́ kọjá bó ṣe yẹ, ilẹ̀ á tutù, òjò ò ní lè wọ́ ọ lọ. Ó gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní 2020. IITA náà ní oko ìwádìí ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí, kì í ṣe ilẹ̀ ibòmíràn là ń sọ. Ẹ fi ewé, koríko gbígbẹ tàbí èèpo àgbàdo bò ó, kó nípọn tó kẹ́ ẹ má lè rí ilẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nídìí igi kí ikán má gun orí ẹ̀.

Kòkó tiẹ̀ tún yàtọ̀. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ẹ̀ máa ń gòkè wá sínú ewé tó jẹrà lábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Àwọn bàbá tó ń gbá abẹ́ kòkó mọ́ tónítóní, ó rẹwà lójú lóòótọ́, àmọ́ abọ́ oúnjẹ igi ni wọ́n gbá dànù.

Fatiláísà wàyí, tẹ́ ẹ bá ti wo gbogbo ìyókù

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìyẹn P inú NPK, kì í rìn. Ilẹ̀ pupa ló jẹ́ pupa nítorí irin tó wà nínú ẹ̀, irin yẹn ló ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú, kì í jẹ́ kó kúrò níbi tẹ́ ẹ jù ú sí, gbòǹgbò ló máa rìn lọ bá a. Tẹ́ ẹ bá fọ́n NPK sórí ilẹ̀ káàkiri, púpọ̀ nínú ẹ̀ á jókòó sókè níbẹ̀. Ẹ gbẹ́ ojú kékeré kan tó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 jìnnà sí ìdí ọ̀gbìn, ẹ dà á síbẹ̀, ẹ bò ó. Gbòǹgbò máa ń pẹ̀ka rẹpẹtẹ síbi tó bá bá oúnjẹ pàdé, ẹ wà á wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹ ó rí i. Ẹ má gbé e kan ìdí ẹ̀, yúríà pàápàá, gáàsì tó ń tú jáde àti iyọ̀ ẹ̀ á jó ẹnu gbòǹgbò.

Ẹ̀gẹ́ ní olùrànlọ́wọ́ kan tẹ́ni púpọ̀ ò mọ̀. Gbòǹgbò ẹ̀ ò pọ̀, ó sì ki díẹ̀, nítorí náà olú tín-ín-tín kan tó ń gbé inú gbòǹgbò ẹ̀ ló ń bá a na ọwọ́ lọ síbi tí kò lè dé, olú yẹn ló ń mú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá fún un, òun náà ń gba ṣúgà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá jóná gan-an, tí wọ́n ń kọ ọ́ léraléra, tàbí tí wọ́n da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí i jù, olú yìí á dínkù. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ má fi iná ṣe iṣẹ́ ọkọ́.

Ọkọ́ náà ní tiẹ̀ o. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ iṣu àti ewùrà, sẹ̀ǹtímítà 30 òkè ni púpọ̀ nínú ẹ̀ wà, ó sì máa ń nà jìnnà sí ebè tirẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọkọ́ ro oko ewùrà jinlẹ̀ nínú oṣù kẹfà, gbòǹgbò ló ń gé. Ẹ tètè ro ó nígbà tí koríko ṣì kéré, ẹ họ ojú ilẹ̀ lásán, tó bá ti dàgbà ẹ fọwọ́ fà á tàbí kẹ́ ẹ fi àdá gé e.

Ti nọ́sìrì kúkúrú ni: ilẹ̀ òkè dúdú ni kẹ́ ẹ rọ sínú náílọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ iyanrìn díẹ̀ àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà, ẹ dá ihò sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó ki. Kẹ́ ẹ tó gbé kòkó tàbí obì lọ sóko, ẹ la náílọ́ọ̀nù kan wò, tí gbòǹgbò bá ti ń yí po nísàlẹ̀, ó ti pẹ́ jù, ẹ gé ibi tó yí po yẹn kúrò kẹ́ ẹ gbìn ín lọ́jọ́ yẹn gan-an, nírọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀ láìgé e, á máa yí po lọ nínú ihò, lọ́dún mélòó kan atẹ́gùn kan á gbé e wó, wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ṣe nínú gbogbo eléyìí, ẹ fi ibì kan sílẹ̀ nínú oko tẹ́ ẹ ò ní ṣe nǹkan kan sí, kó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ máa fi wé e. Nígbà òjò, ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kẹ́ ẹ tó tún wà á wò, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kì í pẹ́ kú, kì í sì í pẹ́ yọ, ìgbà yẹn á ti tó láti rí ìyàtọ̀. Ẹ wà á ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀gbìn, ẹ má wà á níbi tẹ́ ẹ wà ní ìṣáájú torí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rọ̀, á tàn yín jẹ. Ẹ gbé fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tuntun, ẹ wo ìwọ̀n rúlà níbi tí gbòǹgbò ti tán. Tó bá ti jìn sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kódà bó ṣe sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ máa bá ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lọ; tó bá ṣì wà lójú kan náà, ẹ padà sídìí rọ́ọ̀dù yẹn.